Táyé Tí Mo Dá Dúró De Kẹ́hìndé

Èmi ni mo dá ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì mi dúró lọ́dún tó kọjá, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọkùnrin ará Nàìjíríà tó ń ta bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ló máa ń bá mi mú ìwé ìròyìn yín wá láti ọ̀hún. Bí mo bá ka lẹ́tà àwọn tó ń wá ìmọ̀ràn lójú ìwé yìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní àwọn wọ̀nyí ò níṣẹ́ ṣe ni. Ó ti wá kàn mí báyìí. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, bí mo bá tiẹ̀ ń sọ ọ́ yánnayànna, ọkàn mi ò sí lójú kan ni...

Olùkọ́ ni mí ní abúlé kan láàrin Bantè sí Pira, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́. Ọmọ Ìṣà, àwọn Yorùbá tiwa níbí, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọmọ Màhì wà tí òbí wọn ṣí wá láti ọ̀nà Savalou, ọmọ Fúlàní kan náà wà tó gbọ́dọ̀ kó màlúù jáde kó tó wá síwèé, Faransé la sì fi ń kọ́ gbogbo wọn. Bí ọ̀gá ilé-ìwé wa ṣe fẹ́ kí á máa ṣe é ni pé olùkọ́ á fi rúlà kan tábìlì, gbogbo ọmọ á ronú, á tún kàn án, gbogbo ọmọ á kọ ìdáhùn sórí síléètì, á kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì á gòkè pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì kọ tirẹ̀ tán, ó di ọjọ́ mìíràn. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìka ò dọ́gba, kí ló dé tí rúlà á fi máa kàn fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Mo fi màlúù kọ́ ọmọ Fúlàní ní ìṣirò. Mo mú ọmọ Màhì jókòó ti ẹni tó gbọ́ èdè Màhì àti Faransé. Àwọn tó yára, mo fún wọn ní iṣẹ́ tó le díẹ̀ kí wọ́n má baà máa sùn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́n lójú ara mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.

Àwọn ìbejì kan wá wà ní kíláàsì náà, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ìyá wọn ń yan gàrí. Rúlà ò tíì ní kàn lẹ́ẹ̀kejì tí Táyé á fi kọ tirẹ̀ tán. Kẹ́hìndé ni ìwé ò wọ̀ lórí. Tó bá mọ lẹ́tà kan lónìí, lẹ́tà náà á ti sá lọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, bó bá sì fẹ́ kọ mẹ́fà, á dojú ẹ̀ dé, á di mẹ́sàn-án. Síléètì Táyé ló máa ń yọjú wò. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, mo wá ń kọ́ Kẹ́hìndé nìkan nígbà tí àwọn yòókù bá jáde lọ ṣeré, mo ń jẹ́ kó fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, èdè Ìṣà la fi ń bẹ̀rẹ̀ ká tó kan Faransé. Díẹ̀díẹ̀ ó ń wọlé. Ni ìyá wọn bá wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní ìbejì ni, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, kí inú èkejì má baà bàjẹ́ kó ní òun ń lọ. Ó ti sin ọmọ kan ṣáájú wọn, ẹ̀rù ikú ọmọ ò sì kúrò lára ẹ̀. Mo ní kò burú, Táyé náà bá wa kọ ọ́ sínú iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ìparí ọdún ló bà á jẹ́. Táyé yege, Kẹ́hìndé ò yege. Ìyá wọn tún wá, ilé mi ló wá bá mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò, báwo ni ẹni tí a rán níṣẹ́ ṣe máa wá fi ẹni tó rán an sílẹ̀ sẹ́yìn? Ó ní tí mo bá yà wọ́n, ọ̀kan á kú, ó sì ń sunkún. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé kò sí ọmọ tí kíláàsì kẹta ń pa. Àmọ́ ojú obìnrin yẹn... mi ò lè wò ó. Ìyẹn nìkan sì kọ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tán. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ lo ọdún kan sí i lórí Kẹ́hìndé kí ọ̀gá lè rí i pé ọ̀nà tèmi dára, mo sì mọ̀ pé ọkàn ẹ̀ máa ń balẹ̀ tí Táyé bá wà nítòsí. Mo fi ọwọ́ ara mi dín máàkì Táyé kù. Lọ́jọ́ tí a ń pe orúkọ àwọn tó yege, ó ti dìde dúró, ó ti ń gbọn eruku aṣọ ẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tán tí kò gbọ́ tirẹ̀, èmi ló wò, kò wo ìyá ẹ̀. Ó rọra padà jókòó. Mo ní màá ṣàlàyé fún un tó bá yá. Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, Kẹ́hìndé ń kàwé! Ó ń kà á lóhùn òkè, inú mi ń dùn, mo ń fi í yangàn fún àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Táyé kì í sọ̀rọ̀ mọ́, mo ní ó ti ń dàgbà ni. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ò nílò mi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kí n tẹjú mọ́. Títí di ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo kan rúlà, síléètì gòkè, mo rí mẹ́sàn-án lórí síléètì Táyé níbi tó yẹ kí mẹ́fà wà. Mo wo ti Kẹ́hìndé tó jókòó tì í. Mẹ́sàn-án kan náà ni, nítorí pé ìyẹn ṣì máa ń dojú ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n ń wò kọ tẹ́lẹ̀ ló ń wo ẹlòmíì kọ, ó sì ń kó àṣìṣe ẹ̀ mọ́ ọn! Mo pè é sẹ́yìn kíláàsì, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní Kẹ́hìndé mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Mo fún un ní iṣẹ́ tó ṣe láìronú nígbà tó kéré sí báyìí, ó di ṣọ́ọ̀kì mú, omijé ń já bọ́ lójú ẹ̀, kò pariwo. Oko ilé-ìwé nìkan ni ara ẹ̀ ti máa ń yá mọ́, tí a bá lọ kọ ebè. Ọ̀gá sì ti ní ẹ ò rí i, oko ni ti ìyẹn, kì í ṣe ìwé.

Mo gbìyànjú láti ìgbà náà, ẹ gbà mí gbọ́. Mo fi ohun tí mo fi fa Kẹ́hìndé yọ fa òun náà, iyanrìn, èdè ilé, gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń ṣe Kẹ́hìndé ló ń ṣe é. Ta ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí èmi fúnra mi sọ fún pé kò mọ̀ ọ́n?

Àsìkò ìsinmi ti dé tán báyìí. Kẹ́hìndé yege. Táyé kùnà, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀, ó kùnà lóòótọ́. Òfin wa ni pé ọmọ tó bá ti tún kíláàsì kan ṣe kò lè tún un ṣe mọ́, ọ̀gá sì ti ní kó máa lọ sílé. Ìyá wọn ní tí ọ̀kan bá lọ, àwọn méjèèjì ló ń lọ, òun á kó wọn fún àbúrò òun ní Djaloukou, wọ́n á máa bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe ìpàdé olùkọ́ àti òbí tó máa kádìí ẹ̀. Tí mo bá sọ òtítọ́ níbẹ̀, bóyá wọ́n á fún Táyé ní àyè padà, wọ́n á sì lé mi níṣẹ́. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ìyẹn ò dùn mí, irọ́ ni, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Àmọ́ ohun tó tún ń dè mí lẹ́nu ni pé gbogbo abúlé á gbọ́. Táyé á gbọ́ pé ìyá òun ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun dúró, nítorí Kẹ́hìndé. Mo fi lọ ìyá náà, ó sì bẹ̀ mí tọwọ́ tẹsẹ̀ pé kí n má sọ ọ́, pé mo máa fi ìjà sáàárín àwọn ọmọ tó jọ gbé inú òun. Ṣé kí n dákẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ bó ẹ̀gẹ́? Ṣé kí n sọ ọ́ fún ọ̀gá nìkan? Ṣé kí n sọ ọ́ fún Táyé kó tó kan ẹnikẹ́ni?

Lánàá ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó gba báàgì mi, a jọ ń lọ. Nígbà tí a dé ibi igi kajú, ó bi mí pé ṣé orí ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún ìbejì, kí wọ́n jọ máa lò ó. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ló rò ó, nítorí ó wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀, Kẹ́hìndé ò ní, nísinsìnyí Kẹ́hìndé ní, òun ò ní. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò burú, kí Kẹ́hìndé máa lò ó lọ, òun kàn fẹ́ kí n sọ fún òun kí òun lè yé máa wá a.

Mo gba báàgì mi lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin tó bímọ, ẹ̀yin tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí, kí ni kí n wí fún ọmọ yìí?