Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Kọ Ọ́

Màmá mi,

Ṣé àfojúdi ni kí ọmọ fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ má bínú, ọwọ́ ọ̀tún ń sinmi ni.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó ń fún wa níná níbi iṣẹ́, kò dúró, gbogbo bátìrì kún, àwọn tó ń gun alùpùpù oníbátìrì sì tò láti fi bátìrì tiwọn tó ti tán pààrọ̀ èyí tó kún. Ọ̀kan nínú wọn pariwo sí mi:

"Bọ̀dá, àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ bátìrì náà ni?"

Mo yára, bátìrì kan já bọ́ lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́ta péré ló fọ́. Ìwé kan tí mo kà sọ pé ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́.

Ọ̀gá ní kí n padà wá nígbà tí mo bá tún lè gbé bátìrì. Dókítà ò tíì dá ọjọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mo ń kọ́ ọwọ́ òsì níṣẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ọwọ́ òsì náà ni mo fi pa àtùpà.