Àwọn Ẹyẹ Bébà Tó Gbé Orúkọ Mi Mì

Agboolé Alágbẹ̀dẹ,
Òkèihò.
Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Fàthíà ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí yóò bá ọ ní Ailegun tí ò ń gbé. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ọkọ̀ Ìsọlọ̀ kò ní gbé ọ lọ síbi tí o kò lọ, ojú burúkú kò ní rí ọ, bí ó bá sì rí ọ, kò ní dá ọ mọ̀. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú bí ọmọ mẹ́ta, méjì ló yè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, gbágùúdá sì ti ń ta dáadáa. Kò sóhun tó ń ṣe wá, àfi ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ rẹ.

Kí n tó débẹ̀, jẹ́ kí ó yé ọ pé ẹ̀rù kò bà mí o. Èmi Àjàmú yìí ni mo fi àdá lé paramọ́lẹ̀ jáde nínú balùwẹ̀ lójú gbogbo agboolé, ìyá rẹ ṣì wà láyé tó lè jẹ́rìí sí i. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wá kí ọ lẹ́yìn Iléyá ni. O ní kí n wọlé kí n jókòó. Níbo ni kí n jókòó sí? Ẹyẹ bébà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹyẹ wà nínú abọ́ ìfọṣọ, ẹyẹ rọ̀ láti òkè àjà, gbogbo wọn na ọrùn gígùn sí mi, ìwọ sì jókòó láàárín wọn, ò ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ bébà, ò ń rẹ́rìn-ín. O ní ṣe lò ń tò wọ́n pọ̀ kí wọ́n di lẹ́tà tí àwọn ará Jàpáànù fi ń kọ̀wé, tí o sì ń tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Àjàó Estate àti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Apakun. Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, Fàthíà, ta ní í kó ẹyẹ sí iyàrá? Omidan tó ń dá gbé, tó ní igba ẹyẹ, tí onílé rẹ̀ bá figbe ta lọ́jọ́ kan, ta ni yóò dúró gbọ́ pé bébà ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé àgbàdo ń dúró dè mí lóko tí n kò fi sùn. Kò sí àgbàdo kankan lóko nígbà náà.

Ìyẹn nìkan kọ́. O fi fóònù hàn mí tayọ̀tayọ̀, o ní oníbàárà kan tí o kò rí rí fún ọ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ẹ̀dá, òun náà là ń bò mọ́lẹ̀ kí ayé má baà rí i. Irú àlejò wo ló wá ń pín márùn-ún? O tún ní ẹlòmíràn fún ọ ní méjì péré nítorí pé ẹrù rẹ̀ pẹ́ dé. Mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ọwọ́ ta ló wà? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà lórí mẹ́ta yẹn lẹ́yìn gbogbo ìrun.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá nígbà tí awakọ̀ gbé páálí tí o fi ránṣẹ́ dé. O ti pè ṣáájú pé ẹ̀bùn ni, kí n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí o tó parí ọ̀rọ̀. Awakọ̀ ní kí n gbé ẹrù náà mọ́ àyà kí òun ya mí ní fọ́tò, kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè mọ̀ pé ó ti dé. Ṣé kí n gbá ohun tí n kò mọ inú rẹ̀ mọ́ àyà ni, kí wọ́n tún wá mú àwòrán mi lọ? Mo kẹ̀yìn sí i. Bí o bá rí ẹ̀yìn bùbá aláwọ̀ ewé nínú fóònù rẹ, bàbá rẹ nìyẹn.

A tú páálí. Ọgọ́rùn-ún ẹyẹ ló wà lábẹ́ gíláàsì, mo kà wọ́n, gbogbo wọn kóra jọ di lẹ́tà kan tó dà bí àkàbà tó wó lulẹ̀. Ìyá rẹ ní ó rẹwà. Èmi fi aṣọ bò ó, mo gbé e tọ Áfà Abdulwasiu lọ. Áfà wò ó lápá òsì, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó ní kì í ṣe Lárúbáwá, kì í sì í ṣe tírà tí òun mọ̀, àti pé ènìyàn kì í gbé ohun tí kò mọ̀ kọ́ sókè orí ara rẹ̀. Mo padà sílé, mo fi ọ̀bẹ yọ gíláàsì náà, ó sì fọ́. Mo wá mú ẹyẹ kan, mo tú u kí n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ sì ni: “Àjàmú, bàbá mi.”

Ọmọ mi, mo ju bébà náà sílẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀tá ẹni là ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà, tí a ń ká a, tí a ń fi pamọ́. Mo tú èkejì, orúkọ mi ni. Mo tú ẹ̀kẹta, orúkọ mi ni. Mo tú u dé mẹ́tàdínlógún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́, mo sì rántí ọjọ́ tí mo nà ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, tí o ya ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa tí o fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Mo ní áà, kò tíì gbàgbé. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé kẹrosíìnì wá. Ìyá rẹ gbé ẹ̀bùn náà mọ́ra, ó ní bí mo bá fẹ́ sun ún, kí n sun òun náà mọ́ ọn.

Teslim, tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ló gbọ́ ariwo tó wọlé. Ó ya lẹ́tà náà sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì bá a túmọ̀ rẹ̀, ó ní “ẹ̀mí gígùn” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ará Jàpáànù gbà pé irú ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn yẹn ń gbé ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, pé ẹni tó bá ká a fún ènìyàn, ẹ̀mí gígùn ló ń tọrọ fún un.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú mẹ́tàdínlógún. Ṣé ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn? Teslim ní rárá, ṣùgbọ́n jọ́gíráfì ni Teslim ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ló mọ̀ nípa ẹ̀mí? Mo tẹ̀lé ojú ibi tí o ti ká a kí n lè dá a padà, bébà kò gbà fún mi. Láti ọjọ́ náà, orúnkún òsì mi ti ń dùn mí.

Fàthíà, mo parọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú sì ń tì mí pé mo rò ó sí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó kù, ẹ̀rù mìíràn tún dé, òun ló sì ju gbogbo wọn lọ. Orúkọ mi nìkan ló wà nínú gbogbo èyí tí mo tú. Ta ló ká ẹyẹ fún ìwọ? Bí nǹkan yìí bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tí ẹ̀mí mi ń gùn síwájú, tí tìrẹ kò sì ní ẹyẹ kankan lẹ́yìn, ibo ni yóò yọrí sí? Ọmọ ní í sin baba. N kò fẹ́ ẹ̀mí gígùn tí yóò gbé mi kọjá rẹ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, wá sílé. Mú owó gíláàsì dání. Má fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin onípíóẹ́ẹ̀sì, nítorí ó ní èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ṣì wà lọ́nà, mo sì jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, n kò rí ọkọ̀ tó gbé e bọ̀. Mú owó oògùn orúnkún náà, àti ohun tí a ó fi kí Áfà.

Mẹ́tàdínlógún tí mo tú, mo ti fi irin ìlọṣọ tẹ̀ wọ́n, wọ́n wà nínú Kùránì. Bí o bá dé, fa igi lé orúkọ mi lára wọn, kí o kọ tìrẹ síbẹ̀, kí o tó ká wọn. Mo ti fi bébà mìíràn gbìyànjú ọ̀kan sílẹ̀. Ó dà bí adìyẹ tí ọ̀kadà kọlù, ṣùgbọ́n Fàthíà ni mo kọ sínú rẹ̀. Àárín gan-an ni kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ rere tí kò bẹ̀rù ẹyẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò tà. Ẹ̀mí wa yóò jọ gùn, ṣùgbọ́n tìrẹ ni yóò gùn jù. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàmú.