Ẹni Tí Màámi Ń Bọ́ Bàtà Fún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. N kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń kí òkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé lẹ wà lóòótọ́, lábẹ́ táìsì funfun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní Bàrígà níbí. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màámi máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó kọjá lórí yín.

Ìròyìn kan wà tí ì bá dùn mọ́ yín. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ṣe onídùúró yín ní báńkì nígbà tí ẹ yáwó kọ́lé yìí ti kúrò lábẹ́ mínísítà. Ó ti dá dúró. Kò sí olóṣèlú tó lè pe ọ̀gá ibẹ̀ lórí fóònù mọ́. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé dé láti Ṣómólú, tí íńkì ṣì wà ní èékánná yín, tí ẹ ó máa ráhùn pé ẹni tó bá mọ èèyàn nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn ní iléeṣẹ́ náà? Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri, ẹ ó sì máa gbàdúrà fún ọjọ́ tí wọn kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ kú àdúrà o, Bàbá. Ọjọ́ náà ti dé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Àdéhùn ni pé bí ẹ bá kú, iléeṣẹ́ náà yóò san gbèsè tó kù fún báńkì, ilé á sì di tiwa. Àmọ́ òfin wọn yọ ilé tí a bá sin òkú sí sílẹ̀, torí ta ni yóò rà á? Àwa ò mọ̀ nígbà tí a sin yín. Ní tiwa, inú ilé tí bàbá kọ́ là ń sin ín sí; itẹ́ òkú wà fún ẹni tí kò nílé. Ará ìlú yín kan tó wà lọ́dọ̀ mínísítà ló bá wa bẹ̀ wọ́n, tí wọ́n fi gbójú kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibẹ̀ mọ́ báyìí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ wà níbí, wọn kò ní san gbèsè náà, báńkì á sì ta ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ti iléeṣẹ́ náà wá yẹ ilé wò. Ọmọlúàbí ni. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ṣùgbọ́n kò mu omi wa. Ó wọn yàrá, ó wọn pálọ̀. Màámi ṣáájú rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì bọ́ bàtà bí ìṣe wọn. Obìnrin náà dúró. Ó wo bàtà, ó wo táìsì funfun. Ó wá rọra béèrè ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà fún.

Màámi, tí kì í purọ́, kàn tẹjú mọ́ táìsì náà. Obìnrin náà fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, ibi tí ẹ máa ń gbá gan-an. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i.

Bí wọ́n bá ta ilé, ṣé wọ́n ta ẹ̀yin náà mọ́ ọn ni? Ta ni yóò hú yín, àwa ni àbí ẹni tó rà á? Ibo la ó gbé yín lọ?

Láti ọjọ́ náà, Màámi kì í bọ́ bàtà mọ́. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń wọ bàtà kọjá níbẹ̀ kí àwọn ọ̀gá náà tó dé. Màámi á wọ bàtà wọn, wọ́n á rìn lórí yín kọjá, wọ́n á wá wọ yàrá lọ sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́lé sílẹ̀ fún.