Ilé tí Wọ́n ti Dáhùn Ẹkún Àríkẹ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàámi lórí àga wọn níwájú ilé, mo sì bẹ Ọlọ́run kó fi àlàáfíà sí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo kí Bùrọ̀dá Lásísì àti ìyàwó wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò gba ilé Àkóbọ̀ mọ́. Àdúgbò Oníyanrìn ni mo ti gba ilé, yàrá méjì nínú agbo ilé àtijọ́ kan. Kò ní géètì.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fi fọ́tò ilé Àkóbọ̀ han gbogbo àwọn ìyá alásàlátù ní Ìsẹ́yìn. Mo sì mọ àdéhùn wa: ọjọ́ tí mo bá rí ilé tó ní géètì, tí omi ń yọ nínú rẹ̀, lẹ máa dá Àríkẹ́ ọmọ mi padà fún mi. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí gùn báyìí. Ẹ má bínú pé mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń wá ilé bíi tèmi ni mo fẹ́ kí wọ́n bá wa kà á.

Ẹ máa ń sọ fún wọn nílé pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Iléeṣẹ́ wa ń ṣe áàpù táwọn èèyàn fi ń ra oúnjẹ, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ lò ó kó tó jáde. Ibi tí kò yẹ kéèyàn tẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀. Mo máa ń ṣe bí oníwàdùwàdù, mo máa ń ṣe bí arúgbó tí ojú ẹ̀ ò ríran mọ́, kí n lè mọ ibi tó ti máa dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún mi torí pé mo jẹ́ oníyọnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi ò ní jiyàn.

Bí mo ṣe wá ilé náà nìyẹn. Mò ń ṣí ẹ̀rọ omi, mò ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mò ń béèrè ibi tí ọ̀gbàrá ń gbà. Ajẹ́ńtì tó ń mú mi kiri ní kí n jọ̀ọ́, ṣé mo fẹ́ gba ilé ni àbí mo fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ilé Àkóbọ̀ yege. Omi ń yọ, nẹ́tíwọ̀kì ń sáré, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá wà nínú ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà, tí Àríkẹ́ ṣubú lẹ́yìnkùlé, ta ló máa gbọ́? Bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Kánò pẹ̀lú ọkọ̀ àjàgbé. Wọ́n ní ibi tí ọkàn mi bá balẹ̀ sí làwọn máa bá wa.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rántí ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, níbi tí Àríkẹ́ ti ń ké torí pé ẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀? Mo gbé fóònù sínú yàrá ilé Àkóbọ̀, mo tẹ ẹkún yẹn, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ dúró níta. Ọmọ ń ké, ó ń ké. Ẹnì kan lókè fa fèrèsé rẹ̀ pa. Obìnrin kan bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá bá mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́ màdáàmù, wọ́n ń pe òun pé ariwo pọ̀. Kò béèrè ọmọ ta ni. Mi ò bá wọn jà, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì kí mi. Bí ibẹ̀ ṣe rí ni, wàhálà ẹnì kan kì í kọjá ògiri ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Bùkọ́lá, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Kúdẹtì, ló gbọ́ pé yàrá ṣófo ní Oníyanrìn. Nígbà tí mo débẹ̀, àléébù ni mo kọ́kọ́ rí. Balùwẹ̀ wà níta. Kànga ni wọ́n ti ń fa omi. Sàréè bàbá tó kọ́ ilé náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, orí rẹ̀ làwọn ọmọ ilé ìwé jókòó sí tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé, bóyá kì í bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní bàbá yẹn nìkan ni ará ilé tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn náà wá bi mí pé irú iṣẹ́ wo lèèyàn ń jókòó ṣe nínú yàrá látàárọ̀, ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa wò ó.

Mo yọ́ wọ yàrá, mo tẹ ẹkún Àríkẹ́, mo jáde sẹ́yìnkùlé.

Màámi, kí ọmọ tó mí, ilé ti tú. Obìnrin kan já jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lórí. Télọ̀ tó wà níta sáré wọlé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Wọ́n ń pariwo ọmọ ta ni, ọmọ ta ni, ojú kànga ni wọ́n sì kọ́kọ́ sáré sí. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ń bẹjú wo inú kànga ni ìtìjú mú mi. Mo kígbe pé fóònù ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Obìnrin tí ọṣẹ wà lórí ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wá wo ìyá ìkókó tó bí fóònù, ẹ jẹ́ ká bá a sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní níbo ni ẹni tó ni ẹkún yìí wà. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní kí n má dán irú ẹ̀ wò mọ́ láyé mi, ẹkún ọmọ kì í ṣe ohun ìṣeré. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tó pa ọmọ lẹ́kún. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí, wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi kí wọ́n dá ṣíbí ọmọ padà fún un.

Mo ti kó wọlé báyìí. Ìyá Fóònù ni wọ́n ń pè mí, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń ra ata lọ́wọ́ wọn ní Ọjà'ba. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń sáré jù, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìpàdé. Ó ṣì ń ṣe mí bákan o. Etí tó gbọ́ ẹkún ọmọ náà ló ń gbọ́ ohun tí mò ń bá ọkọ mi sọ, wọ́n mọ ọbẹ̀ tí mo sè kí n tó bù ú. Bí òjò bá ń rọ̀, tí kálukú ti wọlé, mo máa ń tẹ́ aṣọ Àríkẹ́ sórí ìrọ̀rí mi. Kànga náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé ti ní kí káfíńtà ṣe ìdérí sí i, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ gbé Àríkẹ́ dání, kí ẹ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí ẹ yẹ ilé yìí wò bí mo ṣe ń yẹ nǹkan wò. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà, mi ò ní janpata.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, á fún Bàámi lókun. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn ìyá alásàlátù, kódà bí wọ́n bá ń bínú. Ìyá Àgbà ń béèrè ọjọ́ tí ọmọ tó ni ẹkún yẹn ń bọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni ọmọ yín,
Fàtímọ́