Ìlà Funfun Létí Títì

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àìsàn ò ní mọ ojúlé rẹ o. Èmi náà wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń dùn mí. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń kọ ohun tí mò ń sọ, mo sì ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

O béèrè ìdí táwọn ará ilé ò fi gun kẹ̀kẹ́ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun lẹ̀ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tiwa ò gba kẹ̀kẹ́ ni. Iyanrìn ló wà létí ẹ̀, gọ́tà tí ò ní ìdérí tẹ̀ lé e, àwọn awakọ̀ akẹ́rù ló gba ìyókù. O mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá yín ní kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà ni mo ti fi ṣéènì de kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó, tí àbúrò rẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń fi ojoojúmọ́ bá mi jà nítorí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Mo wo àwòrán tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ dáadáa. Ìlà funfun wà láàárín, kẹ̀kẹ́ níhìn-ín, ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Mo ní áà, ṣé ìlà lásán náà nìyí! Mo gbé ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tá a kun sàréè ìyá yín, mo fi fa ìlà láti ẹnu ọ̀nà wa dé kọ́nà yẹn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ariwo ti ta. Kápẹ́ńtà ní ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù òun, ó ń kó pákó síta, ó ń bú ìjọba, ó ń bú bàbá ìjọba. Mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́, mo ní ọmọ mi tó wà nílùú ńlá ni. Ó ní orí mi ti dàrú.

Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ti dé etí àwọn awakọ̀. Wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gbẹ́ títì, wọ́n wá ń rọra, wọ́n ń yà fún ìlà náà bí ẹni ń yà fún ejò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Wọn ò yà fún ìyá yín bẹ́ẹ̀.

Òjò ò ní pẹ́ fọ̀ ọ́ lọ. Fi owó ọ̀dà gidi ránṣẹ́, kó o fi ti rọ́bà bíréèkì kún un. Má fi sórí fóònù o. Fóònù àbúrò rẹ ti já sómi rí, mi ò fẹ́ kówó náà tutù.

Àbúrò rẹ ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mo ti tú ṣéènì náà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Awakọ̀ tí ò ní rí yín, ẹ ò ní bá a pàdé.

Èmi bàbá yín.