Ìkẹ́dùn lórí Kápútẹ́nì Adétáyọ̀ Bánjọ, Awakọ̀ Òfuurufú Tó Máa Ń Padà

Sí Ìyáàfin Kíkẹ́olúwa Bánjọ àti gbogbo ẹbí,
Dutse Alhaji, Àbújá.

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, tí ìtìjú sì wà nínú rẹ̀, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú Ìtẹ̀sí, ẹ̀ka Àbújá, fi ń kọ ìwé kejì yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, Kápútẹ́nì Adétáyọ̀ Bánjọ, ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà tí a ti ń ṣèpàdé lábẹ́ igi ní Karmo, kí a tó ní gbọ̀ngàn. A pè é ní ìwé kejì nítorí pé ẹ dá àkọ́kọ́ padà. A kò bínú. Nígbà tí a tún un kà, ìdí rẹ̀ yé wa.

Nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, a kọ ọ́ pé olóògbé jẹ́ "akọni tí kì í padà sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́." Bí a ti máa ń kọ ọ́ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú nìyẹn, ìbáà jẹ́ tíṣà, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. A kò ronú sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ pé Kápútẹ́nì Padàsẹ́yìn ni a ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn lójú rẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá sì mọ bí àwa ọmọ ìjọ ṣe ń gbàdúrà yóò mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe eré lásán. Nínú ìpàdé, bí a bá ti ń ké pé ìpadàsẹ́yìn kò ní jẹ́ ìpín wa, a ó máa yọjú wo ibi tó jókòó sí, a ó sì máa pa ẹ̀rín mọ́ra. Nítorí náà ni ẹ fi fura pé ìwé wa ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ìbá fura. Ọmọ yín Olúwadémiládé ló mú un padà wá, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀: "Màmi ní kí ẹ mọ̀ pé ọkọ àwọn padà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní bí ẹ ò bá lè kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má kọ ọ́ rárá, kí ẹ má sì wá síbi ìsìnkú."

Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n mú bébà, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má sì fi ìkankan nínú àwọn gbólóhùn àtijọ́ sí i. Bó ṣe rí nìyí.

Orúkọ tí a sọ ọ́ yẹn, inú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja Gàníyátù, ìyá ẹgbẹ́ wa, ni a ń lọ nílé lọ́jọ́ náà. Dírẹ́bà kò wá, Kápútẹ́nì sì ní òun á wà wá lọ. A ti kọjá Gwagwalada nígbà tó ní òun ń gbọ́ ohùn kan níbi táyà ẹ̀yìn, ohùn náà kò sì yé òun. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. A bẹ̀ ẹ́, a pariwo lé e lórí, síbẹ̀ ó yí bọ́ọ̀sì padà, ó rọra wà wá dé Karmo. Ìgbà tí a fi rí ọkọ̀ mìíràn, tí a sì dé ilé, wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Alhaja, tó ti wé gèlè rẹ̀ láti àárọ̀, ló yíjú sí àwọn tó kù pé: "Kai! Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ìpadàsẹ́yìn tí ẹ̀ ń gbàdúrà lé lọ, òun mà ló ń wà wá kiri yìí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Títí dòní, a kò mọ̀ bóyá táyà yẹn ìbá bẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Dókítà tó bá wo ènìyàn sàn, ẹni tó sàn á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wá dúpẹ́. Ẹni tó bá kọ́lé, ilé náà á dúró fún gbogbo ayé rí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá padà, kí ni yóò fi hàn? Jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó kó kò ju ìgbéyàwó tí wọn kò bá àti ìpàdé tí wọ́n pàdánù lọ, wọn yóò sì máa wò ó bí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Nígbà ọyẹ́, tí ìkùukùu bá bo pápákọ̀ òfuurufú, tí kò sì rí ìparí ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, yóò jókòó, kò ní gbéra. Àwọn èrò á fi Gẹ̀ẹ́sì bú u, wọ́n á fi Haúsá bú u, àwọn ará ilé á wá fi Yorùbá parí rẹ̀. Ní àárọ̀ tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, á ṣì yí bàálù ká, á fọwọ́ ra abẹ́ apá rẹ̀ bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ní ibà, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹkáníìkì ti wò ó ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ kan tí a dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé pé kí ló dé tí kì í gba ohunkóhun gbọ́, gbólóhùn kan péré ló fi dáhùn: "Ìfura ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún."

A wá dé orí ọjọ́ ikú rẹ̀. Alága wa, Olóyè Akínlabí, wà nínú bàálù tí Kápútẹ́nì ń wà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ, láti ibẹ̀ wọn yóò wọ ọkọ̀ dé Ìtẹ̀sí fún ọjọ́ ìlú. Wọn kò tíì pẹ́ lókè nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀ pé ọkọ̀ ń padà sí Àbújá. Olóyè ní kí n kọ ọ́ pé inú bí òun gidigidi. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èrò tètè sọ̀ kalẹ̀. Olóyè dúró nísàlẹ̀, ó rí orí Kápútẹ́nì láti ojú gíláàsì iwájú, ó sì gbóhùn sókè: "Kápútẹ́nì Padàsẹ́yìn, ẹ kú iṣẹ́ o! Ará Ìtẹ̀sí ní kí n kí yín." Kápútẹ́nì kò wojú rẹ̀. Olóyè rò pé ojú ló ń tì í. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ti ń bọ̀ nígbà náà, ó sì rò pé èrò kan ló fẹ́ wá gbé. Inú gbọ̀ngàn pápákọ̀, níbi tó ti ń pe ilé pé òun kò ní lè dé, ló ti gbọ́ pé Kápútẹ́nì ni wọ́n gbé, pé kò dé ilé ìwòsàn kó tó dákẹ́.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí Olóyè sọ lábẹ́ bàálù yẹn ti dé etí yín. Kò ní kí n fi pamọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ bàálù tó gbà á síṣẹ́ sọ fáráyé pé àwọn ń wádìí irú ìlera tó ní nígbà tó gba iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n ó rìn. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti Idu dé Dutse Alhaji pé ó mọ̀ pé àìsàn wà lára òun, ó fi pamọ́, ó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sókè. Kì í ṣe ará ìta nìkan ló sọ ọ́. A sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn wa, àwọn kan sì ní kí ẹgbẹ́ má fi orúkọ ẹgbẹ́ sí ìsìnkú náà títí a ó fi mọ òótọ́. Ìwé tí a kọ sí yín ṣáájú, àárín ìfura yìí la ti kọ ọ́, a wá fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ dá a padà ni àwọn àgbà ránṣẹ́ pe Ismaheel, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ igbákejì awakọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kò fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀. Alhaja Gàníyátù bi í pé ta ló rán an, ta ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ wa. Ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé kí àwọn dákẹ́ títí ìwádìí yóò fi parí, òun wá nítorí pé Kápútẹ́nì ló kọ́ òun níṣẹ́. Ó wá rò ó fún wa. Ó ní Kápútẹ́nì jẹun láàárọ̀, ó ṣàwàdà, àwọn dókítà tó ń yẹ àwọn awakọ̀ wò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́, wọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gòkè ni òógùn bò ó. Kápútẹ́nì ní: "Ismaheel, mi ò fọkàn tán ara mi. Gbà á lọ́wọ́ mi, kí o sọ fún wọn pé a ń padà." Ismaheel ní bóyá ooru ni, kí àwọn mú sùúrù díẹ̀. Kápútẹ́nì kò bá a jiyàn. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára ìdarí ọkọ̀, ó gbé wọn lé itan, ó wá sọ pé: "Má jẹ́ kí n tún fọwọ́ kàn án, bí mo bá tiẹ̀ sọ fún ẹ pé ara mi ti yá."

Alhaja ṣì ń mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ dáadáa lórí òkú. Olóyè Akínlabí ló béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ta ló sọ̀rọ̀ lórí gbohùngbohùn. Ó ní: "Èmi ni, sà." Olóyè ṣí fìlà rẹ̀. Ó mọ ohùn Kápútẹ́nì bí ẹní mowó, ohùn tó sì ní àwọn ń padà lọ́jọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn ọmọdé ni, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Olóyè ti sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ pé ẹ wò ó, ojú ń tì í, ọmọ ló rán sí wa. Ismaheel kò sí níbẹ̀ nígbà tí Olóyè sọ ọ́, a kò sì tíì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni tó lè bá a sọ ọ́. Bí a ṣe gba ọmọ náà gbọ́ nìyẹn.

Màmá wa, ohun tí a wá rí rèé. Lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ọkọ yín fura sí táyà, ó fura sí ìkùukùu, ó fura sí ẹ́ńjìnnì, a sì fi í ṣẹ̀rín. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó fura sí ara rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ wa kò lè ṣe. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé di ìdarí mú yóò fẹ́ dì í mú sí i nígbà tí àyà bá ń dùn ún, pàápàá tó bá mọ̀ pé wọn yóò bú òun bí òun bá balẹ̀. Ó yọ ọwọ́. Gbogbo àwọn tó kó délẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wọn. Iyì tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì wà nínú ikú rẹ̀.

Ìfura tiwa kò tíì parí, ó kàn ti yí ojú sí ibòmíràn ni. Bí Ismaheel bá ti sọ èyí fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń jẹ́ kí aráyé sọ pé ó fi àìsàn pamọ́? A kò mọ̀, a kò sì fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a ó máa béèrè. Agbẹjọ́rò Ṣìmí, ọmọ ẹgbẹ́ wa, yóò máa bá yín lọ síbi ìwádìí nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Olóyè náà ti ní òun yóò lọ jẹ́rìí lórí ohùn tí òun gbọ́. Ó mọ̀ pé wọn yóò bi òun ní ohun tí òun ṣe lẹ́yìn tí òun sọ̀ kalẹ̀, yóò sì sọ ọ́.

Ní ti ìsìnkú, ẹ ní kí a má wá. A kò ní wá àfi tí ẹ bá pè wá. Bí ẹ bá pè wá, Olóyè ní òun kò ní jókòó sí àga àwọn alága. Òun yóò dìde lẹ́ẹ̀kan, òun yóò ka ìwé yìí sókè létí gbogbo àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kiri, títí kan ibi tí òun fúnra òun ti ṣe ohun tí kò dára, òun yóò sì jókòó. Bí ẹ kò bá pè wá, Karmo ni a ó wà lọ́jọ́ náà, a ó sì gbàdúrà láìwo ẹ̀gbẹ́ kankan.

Kí Ọlọ́run jókòó tì yín nígbà tí àwọn àlejò bá lọ tán, tí ilé sì dákẹ́. Kó má ṣe kán yín lójú láti sunkún tán. Kó di Olúwadémiládé mú, kó má jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa bàbá rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dáhùn. Bí ẹ bá ṣì ń fura sí wa, kó fún yín láyè kí ẹ fura dáadáa. Ṣùgbọ́n nípa ọkọ yín, kó má jẹ́ kí ìfura kankan bá yín sùn mọ́jú.

Ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́,
Rachael Ọmọ́níkẹ́,
akọ̀wé.