Bí Orí Tó Gbẹ̀yìn Ìtàn Àjàmú Ṣe Pòórá

Ajégúnlẹ̀, Èkó.

Jọmílójú, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara mi le dáadáa, mo sì gbà á ládùúrà pé kí tìrẹ náà le, kí òtútù ibẹ̀ yẹn má dà ọ́ láàmú.

O rántí pé nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ òsì mi, o fi kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. O ṣètò rẹ̀ pé kí n kàn tẹ lẹ́tà K, kí n tẹ Enter, ìwé tí mò ń kọ á sì ṣí. Oṣù márùn-ún ni mo fi ọwọ́ kan kọ ìtàn Àjàmú, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ru ẹrù ní ebúté Àpápá, kí n lè kà á lọ́jọ́ tó bá pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ náà pé, mo ti ń kọ orí tó gbẹ̀yìn láti àárọ̀, mi ò sì tíì fi pamọ́. Ìka mi ṣèèṣì tẹ Ctrl àti Z pọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pòórá lójú mi. Iná ò sí, bátìrì sì ti fẹ́ kú. Mi ò jẹ́ tẹ K mọ́, kí n má baà tún bà á jẹ́.

Mo ké sí Rukevwe, ọmọbìnrin ará ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àwọn onítírélà ní Creek Road. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, e no loss. E just dey sleep for back." Ó ní lórí kọ̀ǹpútà yìí, Ctrl àti Z kì í pa ìwé rẹ́, ṣe ló kàn ń gbé e sẹ́yìn. Ó tẹ f àti g, ó tẹ Enter, ìwé mi sì yọ padà, tòun ti gbólóhùn tí mi ò tíì kọ parí. Omijé bọ́ lójú mi. Ó fi pamọ́ kíákíá, ó sì bá mi sọ f àti g yẹn di lẹ́tà P nìkan, kí n lè máa rántí "padà".

Ní Sátidé, ọjọ́ ìbí rẹ̀, a kó àga síwájú ilé Àjàmú. Mo kà á títí dé orí tó gbẹ̀yìn, níbi tó ti fà mí jáde lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì tó wó lù mí nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Àjàmú dá mi dúró. Ó ní, "Mo rò pé o ti gbàgbé." Ó wá ní kí n tún un kà, kí n rọra kà á, kí Sàfíátù ìyàwó òun lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa tu èèyàn lára bó ṣe tù mí lára. Wàá padà wálé láyọ̀, wàá bá mi láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọlábímtán.

Àfikún: Inú ń bí Àjàmú pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò mọ ijó jó. Ó ní kí n yọ ọ́. Mi ò ní yọ ọ́.